Sítáǹbù Tí A Ti Tẹ Òǹtẹ̀ Mọ́ Kì Í Ṣe Òkú Sítáǹbù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣa sítáǹbù jọ nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí, èyí tí a kò lè ṣe aláìmẹ́nubà nínú ìwé wa, nítorí pé bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kan yóò ta gbòǹgbò láàárín wa. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Òde Ugbò gẹ́gẹ́ bí àwa náà, gba àpò kékeré kan láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń gbé ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó tú u sórí tábìlì, sítáǹbù bí igba ni ó jáde, ṣùgbọ́n lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ìlà dúdú wà lókè àti nísàlẹ̀, a sì tẹ orúkọ ìlú kan sí àárín ìlà méjèèjì: Chicago, Boston, New Orleans, àti àwọn ìlú kéékèèké tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Kíá ni ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní wọ́n ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní òkú sítáǹbù ni, pé ẹni tí ó fi wọ́n ránṣẹ́ kàn fẹ́ palẹ̀ ìdọ̀tí ilé rẹ̀ mọ́ ni. Onítọ̀hún kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀, ojú sì tì í.

Àwa kò rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n àwa náà kò gbèjà rẹ̀, nítorí pé a kò tí ì mọ ohun tí a mọ̀ nísinsìnyí. Ohun tí a ń kọ yìí, gbèsè tí a jẹ ẹ́ ni.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí irú sítáǹbù bẹ́ẹ̀ jẹ́. Láti ọdún 1840, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé sítáǹbù jáde, ni ọ̀rọ̀ olè ti wà nídìí rẹ̀: ẹni tí ó gba lẹ́tà lè rọra ṣí sítáǹbù rẹ̀ kúrò, kí ó tún fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì láì san kọ́bọ̀. Nítorí èyí ni akọ̀wé póòsù fi ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn kí lẹ́tà tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀ bí lẹ́tà bá jẹ́ ogún tàbí ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti ilé ìtajà ńlá bíi Sears, Roebuck tàbí Montgomery Ward ní Chicago, tí wọ́n ń tajà fún àwọn àgbẹ̀ oko jíjìnnà nípa póòsù, tí ìwé ìpolówó ọjà àti ẹrù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò lóǹkà. Apá akọ̀wé wo ni kì yóò ro ó? Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí a ti tẹ òǹtẹ̀ mọ́ sítáǹbù nígbà tí ó ṣì wà ní odindi tákàdá, kí a tó tà á. Oníṣòwò yóò gba àṣẹ, yóò ra sítáǹbù tí orúkọ ìlú rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrù rẹ̀, yóò to ẹrù náà lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì gbé e fún póòsù. Àwọn ti póòsù kò tún ní í lu òǹtẹ̀ mìíràn mọ́ ọn. Precancel ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní sítáǹbù àtẹ̀sílẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó pè é ní òkú kò tí ì gbọ́ ìtàn rẹ̀. Òǹtẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe òpin iṣẹ́ rẹ̀. Àṣẹ tí ó fi ń ṣiṣẹ́ ni. Bí ilà ojú ti ń sọ ilé tí ọmọ ti jáde wá kí ọmọ náà tó la ẹnu ní àtijọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlà méjì àti orúkọ ìlú rí lára sítáǹbù yìí. Kò sí ẹni tí ń pe ọlọ́yàyà ilà ní ẹni tí a bà lójú jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀gá póòsù ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe èyí fúnra wọn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tí ó wà ní ìlú wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìrísí wọn kò fi dọ́gba. Òmíràn tẹ́jú, òmíràn wọ́, òmíràn dorí kodò nítorí pé ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ yí tákàdá padà láìmọ̀. Ní ọdún 1916, ilé ìtẹ̀wé ìjọba ní Washington dán an wò láti máa tẹ orúkọ ìlú sórí sítáǹbù fúnra rẹ̀. Ìlú mẹ́ta péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ni Augusta ní Maine, Springfield ní Massachusetts, àti New Orleans ní Louisiana. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlú ni wọ́n ní tiwọn. Ní 1938, òfin kan jáde pé sítáǹbù àtẹ̀sílẹ̀ tí owó rẹ̀ bá ju sẹ́ǹtì 6 lọ gbọ́dọ̀ ní àmì orúkọ ẹni tí ó lò ó àti oṣù àti ọdún tí ó lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé ẹ lè rí sítáǹbù kékeré kan lónìí tí ó ní orí ààrẹ Amẹ́ríkà kan, orúkọ Chicago, àmì S.R.& Co., oṣù àti ọdún, gbogbo rẹ̀ lórí ohun tí kò tó èékánná àtàǹpàkò méjì. Lẹ́tà wo ni ó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ìwọ̀n tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀? Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni ilé ìtẹ̀wé ìjọba náà fi títẹ orúkọ ìlú sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ tí ó sọ irú ẹrù tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti lè sọ pé àkójọ àwọn orúkọ ìlú náà ti ní ààlà, kò sì burú fún ẹni tí ń ṣa nǹkan jọ pé kí ohun tí ó ń ṣà ní ààlà.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ó ṣe irú èyí. Kánádà ṣe é, ó sì tó àkókò kan tí wọ́n fi nọ́ńbà ọ́fíìsì póòsù rọ́pò orúkọ ìlú. Ilẹ̀ Faransé tẹ ọ̀rọ̀ wọn ní ìdajì òbìrìkìtì, láì dárúkọ ìlú kankan, wọ́n sì ṣe bákan náà ní Algeria àti Tunisia ní Àríwá Áfíríkà nígbà tí àwọn ilẹ̀ náà wà lábẹ́ wọn. Ti Bẹ́ljíọ̀mù ni ó wù wá jù lọ, nítorí pé orúkọ ìlú àti ọdún ni wọ́n ń tẹ̀ ní ìgbà kan, ìlú kan náà sì lè ní orúkọ méjì lórí sítáǹbù kan ṣoṣo, ọ̀kan ní èdè Faransé, èkejì ní èdè Flemish, kí ẹnikẹ́ni má bàa bínú. Àwa tí a ti gbọ́ àríyànjiyàn lórí bí a ó ti kọ orúkọ ìlú wa lójú pátákó, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa.

Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. A kò ní í sọ pé kí ó ra ohun púpọ̀. Ẹ̀mú kékeré tí orí rẹ̀ kò mú, kí òógùn ọwọ́ má bàa kan sítáǹbù; díńgí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá; ìwé tí ó ní ojú ewé líle; pẹ́ńsù. Ó tán. Àwọn sítáǹbù àtẹ̀sílẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ kò wọ́n rárá, nítorí pé àwọn olówó inú iṣẹ́ yìí kò náání wọn. Orí ọba tí kò ní àbàwọ́n ni wọ́n ń lé kiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lé e. Àǹfààní ńlá ni fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ohun tí ó ṣe é ní àǹfààní jù jẹ́ ohun tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ má tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí owó ojú wọn tàbí àwọ̀ wọn, bí a ti ń to àwọn yòókù. Ìlú ni kí ẹ fi tò wọ́n. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ to àwọn ìlú sí i ní ìlànà A, B, D, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ fún èyí tí kò tí ì dé. Nígbà tí ẹ bá ṣe ogún, ẹ ó rí i pé ẹ ti ṣí ìwé àwòrán ilẹ̀ nígbà ogún. Ẹ ó bèèrè pé ìlú kékeré wo ni èyí, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èé ṣe tí ó fi ní lẹ́tà púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti fi ránṣẹ́? Ẹ ó wá mọ̀ pé ilé ìwé ìròyìn ni, tàbí ilé tí ń ta irúgbìn fún àgbẹ̀, tàbí ilé oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ dúró níwájú àwọn ọmọdé láti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, ṣé ẹ kò rí ohun tí a ń wí?

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan: òǹtẹ̀ ọwọ́ rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi sítáǹbù àtẹ̀sílẹ̀ kan lọ̀ yín tí ó ní kí ẹ wá san owó gọbọi nítorí pé ìlú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹ kọ̀. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ ti tó fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kejì ni ti omi. Gbogbo wa ni a ń kọ́ pé kí a rẹ sítáǹbù sínú omi kí ó lè ṣí kúrò lára àpò lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ sítáǹbù àtẹ̀sílẹ̀ lásán, kò sí ewu ńlá níbẹ̀, nítorí pé orúkọ ìlú wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, òǹtẹ̀ akọ̀wé póòsù ni ó ń gbé orúkọ ìlú wá, ìdajì òǹtẹ̀ náà sì sábà máa ń wà lórí sítáǹbù, kí ìdajì kejì wà lórí àpò lẹ́tà. Ẹni tí ó bá rẹ ẹ́ sómi ti là á sí méjì. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ dúró lé, nítorí pé àwa fúnra wa ni ó ṣẹlẹ̀ sí, kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń yangàn.

Ní ìsinmi gígùn kan, àwa mẹ́rin tí a jẹ́ ọmọ Òde Ugbò lọ kí bàbá àgbàlagbà kan ní apá ibi tí àwọn ilé orí òpó wà. A ti gbọ́ pé ó ní àpótí lẹ́tà àtijọ́. Bàbá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó tọ́jú àpótí náà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń tọ́jú ìwé ẹ̀kọ́ lọ: ó gbé e sórí àjà lókè ibi tí a ti ń yan ẹja, níbi tí èéfín kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin àti kòkòrò dé. Àwọn lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kọ sí bàbá wọn ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà kúrò ní ilé ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó lọ ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Èkó, lẹ́yìn náà ó lọ sí ìhà Sápẹ̀lẹ̀, ó tún ti ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn, kò sì padà wá sílé mọ́.

A bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fún wa ní ìdì kan nínú rẹ̀. “Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “ẹ mú un lọ, ẹ wò ó. Kí ẹ ṣáà dá a padà fún mi.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, a gbé ìdì náà délé, a bu omi sínú abọ́ ńlá, a fi àdá pẹlẹbẹ gé igun àpò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, a dà wọ́n sómi, a sì fi àwọn àpò lẹ́tà yòókù dáná. Inú wa dùn púpọ̀ ní alẹ́ náà. A rí orí Ọba George Kẹfà ní àwọ̀ oríṣiríṣi. A rí ọ̀kan nínú àwọn tí ó jáde ní ọdún 1936, sítáǹbù tọ́rọ́ tí ó ní àwòrán abúlé apẹja, a sì pariwo pé àwa nìyí, pé ilé baba wa ni wọ́n yà síbẹ̀. A tò wọ́n sínú ìwé, ó mọ́ tónítóní. Ní ọjọ́ kẹta a gbé ìwé náà àti àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ padà fún bàbá, a sì rò pé wọn yóò yìn wá.

Wọ́n wo ojú ewé náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú àwọn lẹ́tà náà, wọ́n ń yí wọn síwá, wọ́n ń yí wọn sẹ́yìn. Nígbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa pé àpò lẹ́tà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Èyí tí ó ní àbàwọ́n epo, èyí tí igun rẹ̀ fàya, èyí tí ó dé ní ọdún tí ìyá wọn kú. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ láti ojú àpò. Wọ́n wá bi wá léèrè pé, “Èyí tí ó kọ kẹ́yìn ńkọ́? Níbo ni ẹ̀gbọ́n mi wà nígbà tí ó kọ ọ́?”

A ka lẹ́tà náà. Ọjọ́ àti oṣù wà níbẹ̀, ìkíni wà níbẹ̀, owó tí ó fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀. Kò dárúkọ ìlú kankan. Orúkọ ìlú náà ti wà lórí òǹtẹ̀ póòsù, ìdajì rẹ̀ ti jóná, a kò sì lè mọ èyí tí ó jẹ́ ìdajì kejì láàárín àwọn orí ọba tí ó mọ́ tónítóní nínú ìwé wa, nítorí pé a ti tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọ̀. Bàbá kò bá wa wí. Wọ́n ní kí a jókòó, kí a jẹun.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ “òkú sítáǹbù” fi dùn wá nígbà tí a gbọ́ ọ ní ìpàdé. Bí ó bá jẹ́ pé sítáǹbù àtẹ̀sílẹ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀, tí ẹnìkan ti kọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé orúkọ ìlú ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ọba, kí a tó wo àwọ̀, a kì bá tí fi iná sí ohun tí bàbá yẹn ti tọ́jú fún gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ẹni tí ó bá fi oṣù mẹ́fà to ìlú Amẹ́ríkà sínú ìwé kò tún lè wo òǹtẹ̀ póòsù bí àbàwọ́n mọ́. Àǹfààní rẹ̀ gan-an ni a ti sọ yìí, ju ti ìlú òkèèrè lọ.

Ọ̀pọ̀ ìtàn ilẹ̀ wa ni ó sì wà lára irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkó ní sítáǹbù tirẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 1874. Gúúsù Nàìjíríà ní tirẹ̀ láti 1901. Nàìjíríà tí a so pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní tirẹ̀ ní 1914. Àwọn tí ó jáde ní 1936 tí a dárúkọ lókè, tí ó ní àwòrán kòkó, igi gẹdú, abúlé apẹja, odò Ọya ní Jẹ́bà, àti ọkọ̀ ojú omi lórí ti pọ́ùn kan, kò pẹ́ lóde, nítorí pé láti 1938 ni orí ọba mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò wọn. Ohun tí a tẹ̀ sórí sítáǹbù lè sọ ìtàn tí odindi ìwé kò lè sọ kíákíá. Ẹ wo Tógò: nígbà tí ogun dé ní 1914, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jámánì, sítáǹbù Jámánì tí ó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi ọba wọn ni wọ́n kó jáde, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀ pé ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbà ni. Ọkọ̀ ọba kan náà, ọ̀gá mìíràn. Ó sì yẹ kí àwa ará Ìlàjẹ rántí pé ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Jámánì kàn wá náà, nítorí pé ní 1885 ni àwọn oníṣòwò Jámánì bá Amapetu ti Màhín ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun, kí Jámánì tó yọwọ́ kúrò níbẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kan náà.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni a ń fi èyí ṣe lónìí, nígbà tí gbogbo ènìyàn ní fóònù lọ́wọ́, tí ẹni tí ó wà ní Ìgbókọ̀dá lè rí ojú ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú kan. Òótọ́ ni. A kò ní í bá wọn jiyàn pé lẹ́tà yóò tún padà di ohun tí ó jẹ́. Nítorí pé kò ní í padà gan-an ni a fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn lẹ́tà tí ó wà nílé wa nísinsìnyí ni gbogbo èyí tí yóò wà. Kò sí òmíràn tí ń bọ̀. Ilé tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti wa ọkọ̀ kọjá ní etí òkun yìí mọ bí òkun ti ń ṣe wá. Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, apá ńlá nínú rẹ̀ ni omi ti gbé lọ. Nígbà tí omi bá wọlé ní òru, ọmọ ni ènìyàn ń gbé, àwọ̀n ni ó ń gbé, ẹní àti ìkòkò ni ó ń gbé. Ta ni yóò padà lọ gbé àpótí lẹ́tà?

Nítorí náà ni a fi ń bẹ gbogbo ẹgbẹ́ pé kí a yí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí padà. Ẹni tuntun kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan lẹ́tà ilé ẹnikẹ́ni títí yóò fi ti to ojú ewé díẹ̀ ti sítáǹbù àtẹ̀sílẹ̀. Kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ mọ́ra pẹ̀lú orúkọ ìlú. Àwọn igba tí ọ̀rẹ́ wa gbà yẹn tó fún ẹni mẹ́wàá láti fi kọ́ṣẹ́, bí ó bá lè dárí jì wá. Nígbà tí a bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, odindi àpò lẹ́tà ni kí a tọ́jú, pẹ̀lú sítáǹbù rẹ̀ lára rẹ̀, láì gé, láì rẹ sómi. Kí a fi pẹ́ńsù kọ ohun tí òǹtẹ̀ náà sọ sórí tákàdá mìíràn: ìlú, ọjọ́, ọdún. Bí orúkọ ìlú bá ti parẹ́ díẹ̀, kí a yí i sí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí a lo díńgí. Lẹ́tà mẹ́ta péré sábà máa ń tó láti mọ ìlú. Kí a dá àpò náà padà fún onílé ní ọjọ́ tí a ṣèlérí. A kò gbọ́dọ̀ ka ohun tí ó wà nínú lẹ́tà àfi bí onílé fúnra rẹ̀ bá ní kí a kà á fún òun, nítorí pé gbèsè wà nínú lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ìyàwó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀, a kò sì rán ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ láti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí.

Ní ti tita, àwọn díẹ̀ nínú wa ti ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé sítáǹbù 1936 náà yóò pa owó. Ó lè pa owó. Àwa kò rí i bí ó ti kàn wá. Sítáǹbù tí a yọ lára lẹ́tà bàbá yẹn ti padà sọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú ìwé tí a tò ó sí, bí wọ́n bá sì fẹ́ tà á, tiwọn ni.

Ohun kan kù tí a ní láti sọ nípa ìtọ́jú ní àgbègbè omi wa. Òórùn iyọ̀ òkun àti ọ̀rinrin a máa mú kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹbù àtẹ̀sílẹ̀ tí kò tí ì ṣiṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ojú ewé, kò sì ní í ṣí mọ́ láì fàya. Ẹ fi tákàdá gbígbẹ sáàárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tọ́jú ìwé náà sínú àpò ọ̀rá tí a dì pinpin, nítorí pé òógùn yóò wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì sá a sí oòrùn, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí. Orí àjà ni ó dára, bí bàbá yẹn ti ṣe, ṣùgbọ́n kí èéfín má pọ̀ jù.

Ìdì mẹ́ta ni ó ṣì wà nínú àpótí náà tí a kò tí ì fọwọ́ kàn. A ti rán ènìyàn sí bàbá láti tọrọ gáfárà, wọ́n sì ti ní kí a máa bọ̀. Ní ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ ni a ó lọ, pẹ̀lú díńgí méjì, pẹ́ńsù, àti tákàdá. Ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà mìíràn láti ìlú kan náà wà nínú wọn. Ọkọ̀ tí a ó wọ̀ yóò gba ènìyàn mẹ́fà, àwa mẹ́rin sì ni ó dájú. Ọ̀rẹ́ wa tí ó ni àpò sítáǹbù Amẹ́ríkà ni a fẹ́ kí ó ṣe ìkarùn-ún, bí ó bá gbà. Àyè kan ṣì kù.